Ta ló pa ọmọ ọlọ́mọ: ẹni tó mu ún, ẹni tó tà á, àbí ẹni tó ni mọ́tò?

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ẹni tí mo jẹ́, kẹ́ ẹ má baà rò pé lọ́yà ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Bíà ni mo ń tà. Adó-Èkìtì níbí ni mo wà, apá Àjílósùn tá a bá ń lọ sọ́nà Ìkẹ́rẹ́, ó ti lé lọ́dún 13 tí mo ti ń tà á, bíà, sítáòtù, mọ́ọ̀tì, pẹpẹsúùpù ewúrẹ́, tí àwọn ọdẹ bá sì rí nǹkan mú bọ̀, ẹran ìgbẹ́. Ìyá Oníbíà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀, gbogbo èèyàn sì ń sọ ohun tí wọn ò mọ̀, èmi náà sì wà lára àwọn tí ò mọ̀ títí mo fi lọ jókòó ti ẹni tó mọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, òkú àgbà wà ládùúgbò, kánópì dí títì, uyán ńbẹ̀, emu ńbẹ̀, gbogbo ẹ̀. Dírẹ́bà kan tó máa ń bá kọ́ńpìnì kan gbé ọjà káàkiri Èkìtì ti wà níbi òkú yẹn látọ̀sán, ó gbé bọ́ọ̀sì kọ́ńpìnì wá, nígbà tó di bí aago 6 ó yà sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan. Ìgò ńlá mẹ́ta ló mu lọ́dọ̀ mi. Owó ẹyọ kan ló san, mo kọ méjì tó kù sínú ìwé àwìn mi bí mo ṣe máa ń ṣe, orúkọ, ọjọ́, iye ìgò. Ó dìde, kò ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀, ó tiẹ̀ kí mi, "Mummy, ó dàárọ̀ o," ó wọ mọ́tò, ọ̀rẹ́ ẹ̀ jókòó tì í níwájú. A ò tíì palẹ̀ tábìlì wọn mọ́ tán tí wọ́n fi ń pariwo pé bọ́ọ̀sì kan ti gbá ọ̀kadà lọ́nà Ìkẹ́rẹ́. Ọlọ́kadà dá lẹ́sẹ̀. Ọmọbìnrin tó gbé sẹ́yìn, tó ń ti ọjà bọ̀, kò dé ọsibítù.

Mọ́ńdè ni ọlọ́pàá dé ọ̀dọ̀ mi. Wọn ò mú mi o, ìwé àwìn mi ni wọ́n mú. Wọ́n ní ẹ̀rí ni.

Ká má parọ́, mi ò sùn fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ará àdúgbò ti pín ẹ̀bi náà kí ọlọ́pàá tó dé. Àwọn kan ní èmi ni, torí èmi ni mo gbé ìgò ìkẹyìn síwájú ẹ̀. Àwọn kan ní àwọn olókùú ni, torí ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíì ní ọ̀gá kọ́ńpìnì ni, àwọn ní ọ̀rẹ́ tó jókòó tì í ni, àwọn kan tiẹ̀ ní ọlọ́kadà ni torí kò tan iná ẹ̀yìn. Ìyá dírẹ́bà fúnra ẹ̀ ní iṣẹ́ ayé ni, wọ́n ti ń lé ọmọ òun bọ̀ láti kékeré.

Bàbá kan wà tí wọ́n máa ń wá mu mọ́ọ̀tì lálaalẹ́, májísíréètì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, dókítà ló ní kí wọ́n jìnnà sọ́tí. Àwọn ni mo lọ bá. Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló pa ọmọ yìí lójú òfin? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìbéèrè mi yẹn gan-an ló ń da gbogbo èèyàn láàmú, torí pé ẹyọ kan ni mò ń bi, bẹ́ẹ̀ méjì ni òfin máa ń bi.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. À ń rò pé ẹ̀bi dà bí ẹran inú ọbẹ̀, tẹ́nì kan bá ti mú un, ti ẹlòmíì bọ́. Òfin ò rí i bẹ́ẹ̀. Òfin máa ń bèèrè pé: ta ló ṣẹ ìjọba, tó yẹ kó lọ sẹ́wọ̀n? Lẹ́yìn náà ó tún lọ sí kóòtù míì, lọ́jọ́ míì, pẹ̀lú lọ́yà míì, ó bèèrè pé: ta ló jẹ ẹbí òkú lówó? Ẹni tó máa ṣẹ̀wọ̀n lè má ní kọ́bọ̀ lápò. Ẹni tó máa sanwó sì lè jẹ́ díákónì tí ò fọwọ́ kan ọtí rí láyé ẹ̀. Àwọn méjèèjì lè jẹ̀bi nígbà kan náà, ìjẹ̀bi ọ̀kan ò sì dín ti èkejì kù. Tẹ́ ẹ bá ti mú ìyàtọ̀ yìí dání, gbogbo èyí tó kù á máa yé yín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí dírẹ́bà, torí òun lọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́rùn ẹ̀ jù.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wádìí ni pé ṣé ọtí wà lára ẹ̀ kọjá ibi tí òfin dá dúró. Ní Nàìjíríà, mílígíráàmù 50 ọtí nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ni ààlà. Èmi tí mò ń tà á mi ò mọ nọ́ńbà yìí ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ ò rí ayé! Bàbá ní kí n gbé ìgò kan wá, a jọ ka ara ẹ̀. Ìgò ńlá 60cl, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ni ọtí. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, bíi gíráàmù 24 ọtí pọ́ńbélé ló wà nínú ìgò kan ṣoṣo. Ọkùnrin tó wọn bíi kílò 70, tí ò jẹun, tó dà á mu kíákíá, ìgò kan yẹn lè gbé e dé ẹnu ààlà. Ẹ gbọ́ mi o, ìgò KAN. Obìnrin tàbí ẹni tí ò sanra lè ti kọjá ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ paraga àti ògógóró inú ìgò kékeré yẹn, àwọn ìyẹn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó mọ bí èyí tí wọ́n ń pọn ní kọ̀rọ̀ ṣe le tó.

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni bó ṣe ń pẹ́ lára. Ẹ̀dọ̀ ló ń yọ ọ́, kì í sì í kánjú, bíi mílígíráàmù 15 ló máa ń kúrò nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá mu ìgò ńlá mẹ́ta lálẹ́, ó lè tó wákàtí mẹ́wàá kí gbogbo ẹ̀ tó kúrò, ìyẹn ni pé ó lè sùn, kó jí, kó wẹ̀, kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìsìn àárọ̀, kí ọtí àná ṣì wà níbẹ̀. Omi àgbọn ò ń yọ ọ́. Epo pupa ò ń yọ ọ́. Kọfí tó gbóná á kàn jẹ́ kẹ́ni tó yó má sùn ni. Mo ti fi ọwọ́ ara mi fún èèyàn lómi àgbọn rí o, tí mo ní "mu èyí, ojú ẹ á là." Ojú ẹ̀ là lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò là.

Ìdí nìyẹn tí "kò ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀" ò fi jẹ́ nǹkan kan. Dírẹ́bà yẹn ò ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀.

Tó bá jẹ́ pé Road Safety kàn dá a dúró lójú ọ̀nà láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan ni, fáìnì wíwa ọkọ̀ pẹ̀lú ọtí lára jẹ́ 5,000 náírà. Mo ní Bàbá, 5,000? Owó tẹ́lòmíì fi ń jẹ ẹja lọ́dọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ kan? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Àjọ yẹn ti wà láti 1988, Wọlé Ṣóyínká ni alága ẹ̀ àkọ́kọ́, ìjà wọn pẹ̀lú ọtí ti pẹ́, àmọ́ fáìnì ò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́. Bó bá ti di pé ẹnì kan kú, ó ti kúrò lọ́rọ̀ fáìnì nìyẹn, ó ti di ẹjọ́.

Irú ẹjọ́ wo? Ibí ni mo ti rí i pé àwa ará ilé ò mọ nǹkan kan. Gbogbo èèyàn ń pariwo "apànìyàn, kí wọ́n so ó kọ́!" Kí wọ́n tó lè so èèyàn kọ́ fún ìpànìyàn, wọ́n ní láti fi hàn pé ó fẹ́ pa èèyàn, tàbí pé ó fẹ́ ṣe é léṣe tó burú. Dírẹ́bà tó ń lọ sílé ẹ̀ kì í sábà ní irú èrò yẹn lọ́kàn. Nítorí náà nǹkan méjì ni wọ́n sábà máa ń fi kàn án. Ọ̀kan ni pé ó fi wíwa ọkọ̀ níwàkuwà pa èèyàn, tó bá jẹ́ lójú títì ìjọba àpapọ̀, bíi títì Àkúrẹ́ sí Adó tó gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá, tí tiwa ti ṣẹlẹ̀ yìí, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ló wà níbẹ̀. Èkejì ni èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní manslaughter, ẹni tó pa èèyàn láìpète ẹ̀ àmọ́ tí ìwà ẹ̀ burú dé ibi tí òfin ò lè gbójú fò ó. Nínú Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n gbére lè wà lórí ìyẹn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti tún òfin tiwọn kọ, nọ́ńbà lè yí, àmọ́ egungun ọ̀rọ̀ náà ò yí.

Ó burú dé ibo, kó tó di manslaughter? Bàbá sọ ìtàn kan fún mi. Láyé ogun Hitler, dókítà kan ní Nàìjíríà níbí gún àwọn ọmọdé tí wọ́n ní gbòdògì, àìsàn awọ tí òyìnbó ń pè ní yaws, lábẹ́rẹ́, oògùn tó pò le jù, àwọn ọmọ kan kú. Kóòtù nílé dá a lẹ́bi, ẹjọ́ náà lọ títí dé Privy Council ní London, kóòtù tó ga jù fún wa láyé òyìnbó, wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n ní àṣìṣe lásán ò tó, àìbìkítà náà gbọ́dọ̀ pọ̀ dé ibi téèyàn á fi sọ pé ẹni yìí ò ka ẹ̀mí ẹlòmíì sí nǹkan kan. Orúkọ ẹjọ́ yẹn, Akerele, títí dòní ni àwọn tó ń kọ́ nípa òfin fi ń kà á. Àmọ́, Bàbá ní, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ mutí tó wá mọ̀ọ́mọ̀ mú kọ́kọ́rọ́, ó ti fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn dé ibẹ̀ ju dókítà yẹn lọ.

Kò wá sí ibi tó lè sá sí pé "ọtí ló ṣe é, èmi kọ́"? Rárá. Òfin ní ìmutípara kì í ṣe àwíjàre, àfi tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló dọ́gbọ́n fi ọtí sínú ohun mímu ẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, tàbí tí ọtí náà ti sọ ọ́ di wèrè fúngbà díẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Àwa ará Èkìtì ló yẹ kó tètè yé. Ìrè ò jìnnà sí wa, ẹ sì mọ oríkì Ògún: Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, emu ló yà mu ńbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, emu ti gba ojú Ògún lọ́jọ́ yẹn, ó yọ idà ti àwọn èèyàn ara ẹ̀. Nígbà tí ojú ẹ̀ là, kò sọ pé emu ni, kò sì ní iṣẹ́ ayé ni. Ó wọlẹ̀ lọ.

Àwọn ìlú kan tiẹ̀ le ju tiwa lọ. Ní California, ní Amẹ́ríkà, látinú ẹjọ́ Watson ní 1981 ni ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù ti sọ pé wọ́n lè fi ẹ̀sùn ìpànìyàn gan-an kan ẹni tó mutí wa ọkọ̀ pa èèyàn, tó bá jẹ́ pé ó mọ ewu tó wà níbẹ̀ tó sì dágunlá.

Ó dáa, ti ẹ̀wọ̀n nìyẹn, ọrùn dírẹ́bà ló sì máa ń dúró sí lọ́pọ̀ ìgbà. Owó ńkọ́?

Dírẹ́bà yìí ò ní nǹkan kan, ẹyọ owó bíà méjì gan-an ò lè san. Kọ́ńpìnì ló wá kàn. Ìlànà òfin ni pé tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe nǹkan nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá, ọ̀gá ló máa sanwó ẹ̀, kódà kí ọ̀gá wà ní Lẹ́kí nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí ìjà máa wà ni "lẹ́nu iṣẹ́" yẹn. Kọ́ńpìnì á ní ọjọ́ Sátidé ni, a ò rán an níṣẹ́, òkú ló lọ, ìrìn tara ẹ̀ ló ń rìn. Lọ́yà ẹbí òkú á bèèrè pé kí ló dé tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín fi wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé? Ṣé kì í ṣe pé ẹ jẹ́ kó máa gbé e sùn nílé kó lè tètè jáde ní Mọ́ńdè? Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ń mu, ṣé wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án rí? Tó bá jáde pé wọ́n mọ̀ pé ọ̀mùtí ni tí wọ́n sì ń fún un ní mọ́tò, ẹ̀bi tara wọn nìyẹn, ó ti kọjá pé wọ́n kàn ń jẹ ẹ̀bi ọmọ iṣẹ́.

Ẹni tó yá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní mọ́tò ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tìẹ lo rán an, ó kàn ẹ́. Tó bá kàn yá a lọ síbi tara ẹ̀, ó lè má kàn ẹ́. Tó o bá fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ nígbà tí ọtí ń rùn lẹ́nu ẹ̀, ilé ẹjọ́ ò ní í fojú àlejò wò ẹ́.

Ìnṣọ́ránsì náà wà níbẹ̀ o, èyí tá à ń pè ní third party. Látọdún 2023 ó ti di 15,000 náírà lọ́dún fún mọ́tò aládàáni, ní Fẹ́búárì 2025 ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà, gbogbo èèyàn ń bú wọn nígbà yẹn, èmi náà bú wọn. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n gbá gan-an ni ìwé yẹn wà fún, kì í ṣe ẹni tó ra á. Àwọn ẹbí ọmọbìnrin yẹn, ìwé yẹn wà lára ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n bèèrè. Tó bá jẹ́ ayédèrú tí wọ́n ń tà lábẹ́ igi níwájú ọ́fíìsì láìsẹ́ǹsì ni, ó tán.

Ó wá kan ọ̀rẹ́ tó jókòó tì í. Òun lọ̀rọ̀ ẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Níbí, kò sí òfin tó kàn ní torí pé o jókòó ti ọ̀mùtí, wá ṣẹ̀wọ̀n. Àfi tó bá tì í, tó ní "sáré, gbá a kọjá," tàbí tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ràn án lọ́wọ́, ìgbà yẹn ló lè di alábàáṣe. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n máa fi ṣe. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé òun náà fara pa tó wá ní kí wọ́n sanwó fún òun, wọ́n á ní ìwọ tó o bá a mu látọ̀sán tó o sì wọ mọ́tò ẹ̀, o ti ra lára ewu yẹn fúnra ẹ, wọ́n á gé nínú owó ẹ̀.

Ní Japan, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oṣù kẹjọ 2006, ẹni tó mutí wa ọkọ̀ kan gbá mọ́tò ẹbí kan lẹ́yìn lórí afárá kan ní Fukuoka, mọ́tò náà já sínú òkun, ọmọ kékeré mẹ́ta kú. Ariwo tí ìlú pa nígbà yẹn ló mú kí wọ́n tún òfin wọn ṣe ní 2007. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó fún ọ̀mùtí ní mọ́tò, ẹni tó fún un lọ́tí nígbà tó mọ̀ pé ó máa wakọ̀, àti ẹni tó ní kó gbé òun tó mọ̀ pé ó ti mu, gbogbo wọn ni òfin lè mú. Ẹni tó fún un ní mọ́tò lè gba irú ìyà tí dírẹ́bà fúnra ẹ̀ máa gba, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5. Ẹni tó ta ọtí fún un àti ẹni tó bá a jókòó lè ṣe ọdún 3.

Nígbà tí Bàbá sọ èyí, mo gbé ìgò tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

Torí ìbéèrè tèmi gan-an nìyẹn. Ẹni tó tà á ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilé ọtí tó ń ta fún ẹni tó ti yó kanlẹ̀, ẹbí òkú lè pe ilé ọtí náà lẹ́jọ́ kó wá sanwó. Ní New Jersey, ní 1984, kóòtù tiẹ̀ ní ẹni tó gba àlejò nílé ara ẹ̀ tó ń dọtí sí i ní kọ́ọ̀bù, tó mọ̀ pé ó máa wakọ̀, lè jẹ gbèsè. Kánádà ní rárá sí ti ẹni tó kàn ṣe àpèjẹ nílé, ní 2006, wọ́n ní ẹni tó ń tà á fún owó yàtọ̀ sí ẹni tó kàn gba àlejò. Ẹ rí i pé àwọn aláwọ̀ funfun gan-an ò fẹnu kò.

Níbí, a ò ní irú òfin Japan yẹn. Ọlọ́pàá ò lè wá sọ pé torí mo ta ìgò mẹ́ta, kí n wá ṣẹ̀wọ̀n pẹ̀lú dírẹ́bà. Àmọ́ Bàbá ò jẹ́ kí n dìde tán kí n máa yọ̀. Wọ́n ní lọ́yà tó bá gbóná lè gbìyànjú ti owó, á ní mo rí i pé ó yó, mo mọ̀ pé mọ́tò ló gbé wá, mo sì ń gbé e síwájú ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè mọ ibi tó máa já sí. Ó lè má borí, wọ́n ní, àmọ́ kò sóhun tó ní kó má gbìyànjú ẹ̀. Àwọn olókùú náà, bákan náà, ti tiwọn tiẹ̀ tún jìnnà díẹ̀ torí ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ṣe. Ta ló máa dúró ti àgbá emu níbi òkú àgbà kó máa bi àlejò pé mọ́tò lo gbé wá àbí ẹsẹ̀? Wọ́n á ní o ya ahun.

Ọlọ́kadà tí ò tan iná ẹ̀yìn, tí ò sì fún ẹni tó gbé ní akoto. Èyí á jáde ní kóòtù, ẹ má tan ara yín. Ó lè dín owó tí wọ́n máa san fún òun fúnra ẹ̀ kù, wọ́n sì lè ní kí òun náà dá nínú ti ọmọbìnrin yẹn. Àmọ́ kò yọ dírẹ́bà nínú ẹjọ́ ẹ̀wọ̀n. Kò dìgbà tí gbogbo àwọn tó kù bá mọ́ bí omi kí ẹni tó pa èèyàn tó jẹ̀bi.

Ibi tó wá ń dùn mí jù, tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, ni ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé." Ọjọ́ keje ni ẹbí dírẹ́bà àti àwọn àgbà àdúgbò lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí òkú. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àwa la mọ bá a ṣe ń bẹ̀bẹ̀, mo bá wọn lọ, mo kúnlẹ̀. Wọ́n gbé owó ìsìnkú kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan yọ bébà kan síta tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kí bàbá ọmọ náà fọwọ́ sí i. Bàbá ọmọ ò ka ìwé. Ohun tó wà nínú bébà yẹn ni pé wọ́n ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ wọn, wọn ò sì ní í béèrè kọ́bọ̀ mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láéláé, kọ́ńpìnì wà níbẹ̀, ìnṣọ́ránsì wà níbẹ̀. Owó tí wọ́n gbé kalẹ̀ yẹn ò tó ra pósí tó dáa.

Bàbá ní kí n sọ èyí fún gbogbo ẹni tí mo bá mọ̀. Ẹjọ́ ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ti ẹbí òkú láti dárí jì. Ìjọba ló ni ín. Ẹbí lè bẹ̀bẹ̀, adájọ́ lè gbọ́ kó sì dín ìyà kù, àmọ́ wọn ò lè fagi lé e. Kódà, ẹni tó bá gbowó lórí àdéhùn pé òun á bo ẹ̀ṣẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀ kí ìjọba má baà ṣẹjọ́ ẹ̀, òun náà ti ṣẹ̀. Ẹjọ́ owó ni ti ẹbí, òun ni wọ́n lè parí nílé, òun náà sì ni bébà lè gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ wò ó báyìí: ìpàdé ilé yẹn ò yọ dírẹ́bà nínú ẹ̀wọ̀n tó ń sá fún, kọ́ńpìnì tí ò tiẹ̀ rán ẹnikẹ́ni wá kúnlẹ̀ ló fẹ́ẹ́ yọ nínú gbèsè. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kẹ́ ẹ mú ìyàtọ̀ yẹn dání. Ẹ gba owó ìsìnkú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó ìsìnkú ni, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan kí lọ́yà tó kà á. Ọkọ, ìyàwó, òbí àti ọmọ ẹni tó kú lè béèrè owó ohun tí wọ́n pàdánù, ọdún 3 sì ni wọ́n ní láti gbé e lọ kóòtù. Ọdún 3 á lọ bí eré tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ìpàdé ẹbí.

Ṣé bàbá ọmọ fọwọ́ sí i? Ìyàwó ẹ̀ ló gba báírò lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn gbà á, ó fi sínú gèlè.

Ohun kan tó kù ni ẹ̀rí, mo fẹ́ yára sọ ọ́. Ọtí kì í dúró de ẹjọ́, bí ara ṣe ń yọ ọ́ ni ẹ̀rí ń lọ. Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ pe 122, nọ́ńbà Road Safety ni, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ní kí wọ́n yẹ dírẹ́bà wò lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì. Ẹ ya fọ́tò. Ẹ kọ nọ́ńbà mọ́tò. Ẹ má lù ú, ẹ má dáná sun mọ́tò, mọ́tò yẹn gan-an ni ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó lu dírẹ́bà pa ti di ẹlẹ́jọ́ tara ẹ̀. Tí ọsibítù bá ní àwọn ò gba ẹni tó fara pa àfi tẹ́ ẹ bá mú owó wá tàbí ìwé ọlọ́pàá, ẹ sọ fún wọn pé òfin ìlera 2014 ní wọn ò gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì. Ẹ pariwo ẹ̀.

Lọ́jọ́ tiwa yìí, a ò mọ̀ ìkankan nínú ẹ̀. Dírẹ́bà sùn ní sítéṣọ̀n, ilẹ̀ mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú ẹ̀jẹ̀ gbígbà. Ìdí tí wọ́n fi wá mú ìwé àwìn mi nìyẹn. Nínú gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, àkọsílẹ̀ ọwọ́ mi nìkan ló sọ iye ìgò tó mu láwìn àti ọjọ́ tó mu ún. Tí wọ́n bá pè mí, mo máa lọ, mo máa ní èmi ni mo kọ ọ́, ọwọ́ mi nìyẹn. Bàbá ní kí n má bẹ̀rù, ẹlẹ́rìí ni mí.

Ìwé náà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Gbogbo àwọn tó jẹ mí lówó nínú ẹ̀ ló ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, wọ́n ní kí n lọ gba gbèsè lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Mo ti ra tuntun. Mo fa ilà kan sí i ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ, mò ń bi kọsítọ́mà kí n tó ṣí ìgò èkejì, mò ń kọ ọ́ síbẹ̀: ẹsẹ̀, ọ̀kadà, mọ́tò. Àwọn kan ti bínú lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá tó wà níwájú, òun kì í béèrè. Lálẹ́ àná, ẹnì kan ní kí n kọ "ẹsẹ̀," mo ṣáà ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń dún nínú ṣòkòtò ẹ̀.